Asùnwọ̀n fún Ọgbọ̀n Agérèké

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù Kìíní, 1993

Lẹ́tà ọ́fíìsì ìlera dé láàárọ̀ yìí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n fi hàn wọ́n pé oògùn ewé tí mò ń ṣe ń wo nǹkan sàn. Ọgbọ̀n agérèké tó wà ní bárékè ilé iṣẹ́ ṣúgà wa ni wọ́n yàn fún mi, torí ẹsẹ̀ gbogbo wọn ló ń jẹrà nínú bàtà rọ́bà. Bí ogún nínú wọn bá sàn kó tó di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, mo yege. Bí kò bá pé ogún, wọ́n á gba yàrá egbòogi lọ́wọ́ mi fún àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, èmi á sì lọ máa ka oògùn ẹ̀fọ́rí sínú bébà ní ilé oògùn ìlú. Kìlómítà méjìdínlógún ni àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àbọ̀, orí kẹ̀kẹ́ sì ni, torí kò sí epo fún bọ́ọ̀sì mọ́.

Kò burú. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi kó ìgbẹ́ adìyẹ kúrò nínú yàrá yẹn, tí mo fi ẹfun kùn ún, kẹ̀kẹ́ kankan ò ní lé mi jáde níbẹ̀. Ogún péré ni wọ́n sọ. Ká ní èmi ni wọ́n, ọgbọ̀n ni ǹ bá béèrè.

Obdulia, tí a jọ lọ sílé ìwé láti kékeré tí a sì jọ ń ṣiṣẹ́ báyìí, ò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nereida, rọra o. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kí o wò. Ta ni yóò bá ọ wo orí àwọn tó ni ẹsẹ̀?"

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọ ọdún méje.

Ọjọ́rú, 13

Mo lọ wo ẹsẹ̀ ní bárékè. Leovigildo, ọ̀gá àwọn agérèké, ní kí gbogbo wọn jókòó sórí bẹ́ńṣì kí wọ́n bọ́ bàtà. Òórùn tó jáde níbẹ̀, ẹ̀fọn gan-an sá. Àárín ọmọ ìka wọn ti funfun, ó rọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi, ó sì ti là. Ti àwọn míì, làpálàpá ti gun ọrùn ẹsẹ̀ dé ojúgun. Ìbọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ní, ìrì ìdí ìrèké kì í sì í jẹ́ kí ìkankan gbẹ.

Ti Fermín ló burú jù. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, òun ló mọ ìrèké gé jù nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bí akàn.

"Kí lo ti fi sí i?" ni mo bi í.

"Kẹrosíìnì, Ìyá Olóògùn. Lẹ́yìn náà, omi bátìrì."

"Omi bátìrì?"

"Díẹ̀ ni."

Mo ní kó má fi nǹkan kan sí i mọ́ títí n ó fi padà dé. Mo sọ fún gbogbo wọn pé nígbà tí wọ́n bá ń kó ẹrù padà sí Oriente, ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wa níbi tí wọ́n ti wá, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹrin, ẹsẹ̀ ọmọ tuntun ni wọ́n máa gbé lọ sílé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn sí ara mi.

Ọjọ́ Ajé, 18

A já ewé lẹ́bàá ojú irin lónìí. Asùnwọ̀n pọ̀ níbẹ̀ bí ẹni gbìn ín, òdòdó rẹ̀ yẹ́lò, ó dúró ṣánṣán bí àbẹ́là. Obdulia ń ju sẹ́ǹtí kan sídìí igi kọ̀ọ̀kan kó tó já a, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Mo bi í bóyá igi ń ná owó. Ó ní igi kì í ná an, àmọ́ ẹni tó bá já ewé lọ́fẹ̀ẹ́ kì í mọyì rẹ̀.

Ilé ìpọntí tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ṣúgà fún mi ní sípíríìtì ogún lítà. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ wọ́n. Inú rẹ̀ ni ewé máa sùn fún ọ̀sẹ̀ kan kí oògùn tó jáde.

Ẹyin kan ti di péésò márùn-ún.

Ọjọ́ Ẹtì, 29

Ọgbọ̀n ìgò ti kún. Ìgò bíà, ìgò oògùn ikọ́, ìgò tí mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ rí. Mo kọ ọ́ sára ìkọ̀ọ̀kan pé: *Fún ẹsẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.* Àwọ̀ rẹ̀ dára, ó ṣókùnkùn bí omi tíì. Leovigildo tó wá kó wọn ṣí ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì dijú. Ó ní, "Ìyá Olóògùn, iṣẹ́ gidi rèé." Mo kí i pé ó ṣeun.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Kejì

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni Leovigildo dé ọ̀dọ̀ mi, ó di ikùn mú.

"Ìyá Olóògùn, kí lẹ fi sínú ọtí yẹn?"

"Ọtí wo?"

Ilẹ̀ ló ń wò.

"Leovigildo, mo ní ọtí wo?"

"Ọjọ́ ìsinmi ni àná. A ní ká kàn tọ́ ọ wò."

Asùnwọ̀n tó ń wo ara sàn yìí náà ló ń ṣínú. Ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n ládùúgbò yìí, àwọn ará Oriente ni kò mọ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko. Ìrèké ń mì lọ́tùn-ún, ó ń mì lósì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí atẹ́gùn. Àwọn ọkùnrin mi wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè jáde. Ẹnì kan nawọ́ sókè láàárín ewé ìrèké, ó kí mi. Fermín ni.

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí kẹ̀kẹ́. Ìgbà tí mo délé ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rín kọ́. Ogún lítà ti lọ, kò sì sí ẹsẹ̀ tó rí ẹ̀kán kan nínú rẹ̀. Ta ni mo fẹ́ bá wí? Lọ́dún yìí tí àwọn èèyàn ń mu ohun tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ, èmi, Nereida Villalonga, apòògùn láti ọdún mẹ́tàdínlógún, mo gbé sípíríìtì fún ọgbọ̀n agérèké, mo wá kọ "fún ẹsẹ̀" sí i lára. Bíi pé ìwé ni wọ́n fẹ́ kà.

Ọjọ́bọ̀, 4

Ilé ìpọntí ò fún mi ní ẹ̀kán kan mọ́. Wọ́n ti gbọ́. Ọ̀gá wọn bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun fi ṣúgà sí i lọ́tẹ̀ yìí.

Ọjọ́ Ajé, 8

Mo ti rí i. Ìpara ni. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni màá fi ṣe é. Ta ni yóò mu ọ̀rá?

Obdulia ní, "Wọn ò ní mu ún." Ó ń ṣa ewé rẹ̀ lọ.

Mo pa ẹlẹ́dẹ̀ tí mò ń sìn nínú bàlùwẹ̀. Oṣù méje ni mo fi fún un lóúnjẹ, tí mo sì ń wẹ̀ nínú korobá nítorí rẹ̀. Mo fi ẹran rẹ̀ sínú iyọ̀, mo yọ́ ọ̀rá rẹ̀, mo se ewé sínú rẹ̀. Ọgbọ̀n agolo kéékèèké ló jẹ́. Ohun tó bá ná mi kó ná mi, torí yàrá mi ni.

Ọjọ́ Ajé, 15

Wọ́n fi dín ọ̀dùnkún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Inú mi ti rọ̀ díẹ̀, mo lè kọ ọ́. Gumersinda tó ń dáná ní bárékè ló gba gbogbo agolo lọ́wọ́ wọn. Mo gbá a mú níwájú ìkòkò.

Ó ní, "Ẹ gbọ́, Ìyá Olóògùn. Oṣù mẹ́rin rèé tí ọ̀rá ò kan ìkòkò mi. Ẹ wá gbé ọ̀rá dé, ẹ ní kí wọ́n fi pa ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀." Ó tún un sọ bíi pé èmi lorí mi dàrú. "Ó korò díẹ̀, àmọ́ ọ̀dùnkún yẹn ta sánsán."

"Ṣé wọ́n tún sáré wọ inú ìrèké?"

"Díẹ̀. Ó ti ń mọ́ wọn lára."

Ọjọ́bọ̀, 18

Òjò. Wọ́n lé Fermín kúrò lóko torí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde láti inú bàtà rẹ̀. Mo lọ wò ó. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, ó sì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ má bínú, Ìyá Olóògùn. Ọ̀dùnkún yẹn dùn gan-an."

Mo sunkún nígbà tí mo dé ọ̀nà. Mo sunkún ẹlẹ́dẹ̀ mi, mo sunkún ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sunkún yàrá mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù, ẹsẹ̀ kan ò tíì sàn. Ohun tó dùn mí jù ni pé oògùn náà dára. Mo mọ̀ pé ó dára. Kò tíì kan awọ ara ẹnì kankan ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Obdulia ò sọ pé òun ti kìlọ̀ fún mi. Ìyẹn tún wá burú ju kó sọ ọ́ lọ. Ó kàn ní, "Ìyá mi ò ní ọtí, kò sì ní ọ̀rá. Omi ló ní."

Ó tọ̀nà. Omi gbígbóná, ewé, ìdajì wákàtí lálaalẹ́, ká nu ẹsẹ̀ gbẹ, ó parí. Ta ni yóò ji omi ewé tó korò bí ọ̀rọ̀ aláròká? Pàǹtírí ìrèké la fi dáná, ọ̀fẹ́ nìyẹn. A gbé ìkòkò méjì lọ sí bárékè ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Fermín nìkan ló jókòó. Àwọn yòókù ní, "Ṣé arúgbó ni wá ni?" Òmíràn ní, "Ìdajì wákàtí lójú kan? Ìyá Olóògùn, ara wa ò gbà á. A ò lè jókòó bí adìyẹ tó ń sàba." Wọ́n bá lọ sídìí ayò dómínò wọn.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú omi mi. Mo ń wò wọ́n. Àwọn mẹ́rin tí ara wọn ò gba ìdajì wákàtí jókòó sídìí dómínò fún wákàtí méjì àbọ̀, ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ̀kan nínú wọn, kò dìde. Mo sọ fún Obdulia pé ká máa lọ sílé, mo ti mọ ohun tí n ó ṣe.

Ọjọ́ Ajé, 22

Mo gba gọ́tà páànù àtijọ́ mẹ́ta tí wọ́n jù sẹ́yìn ẹ̀rọ ṣúgà, mo ní kí alájórin dí orí wọn méjèèjì. A tẹ́ wọn sábẹ́ tábìlì dómínò, a bu omi ewé sí i. Òfin mi kò ju mẹ́ta lọ, mo sì fi ẹfun kọ wọ́n sára ògiri. Ẹni tí kò bá fi ẹsẹ̀ sómi ò ní ta dómínò. Ẹni tó bá yọ ẹsẹ̀ kí ayò tó parí, òun ló máa fi omi híhó fọ ìbọ̀sẹ̀ gbogbo bárékè. Ẹni tí kò bá nu àárín ọmọ ìka rẹ̀ gbẹ, kó má bọ̀ lọ́la.

Leovigildo ka òfin náà sókè. Ó ní, "Ìyá Olóògùn, ìwà ìkà rèé." Ó bọ́ bàtà.

Àwọn tó ń dúró de àyè jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn, àwọn náà ti ki ẹsẹ̀ sómi sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa gba àyè wọn. Mi ò fipá mú wọn.

Ọjọ́rú, 3 oṣù Kẹta

Ẹsẹ̀ yíyún ti dínkù fún wọn. Ẹni mọ́kànlá ló sọ fún mi pé àwọn sùn láìhọ ẹsẹ̀. Bàtà rọ́bà ọgbọ̀n wà lórí igi nínú oòrùn ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, wọ́n dorí kodò. Àwọn èèyàn ń dúró lójú ọ̀nà wò wọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Ìjì líle láti àfẹ̀mọ́jú. Ó ká páànù, ó gbé bàtà mẹ́fà lọ, a rí ọ̀kan lórí igi máńgòrò. Iná lọ, kò sì dé. Mo rò pé wọ́n á fòní sinmi. Mo dé bárékè, mo bá wọn tí wọ́n ti tan àtùpà, ẹsẹ̀ ti wà nínú omi, Gumersinda ló sè é. Mi ò rán an níṣẹ́ o.

Ọjọ́rú, 24

Mo fi awò kékeré mi wo ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàdínlógún ti sàn pátápátá. Awọ tuntun, pupa díẹ̀, kò sí èérún. Ọjọ́ méje ṣì wà. Yóò pé.

Fermín ti padà sóko. Omi bátìrì yẹn ló ń fà á sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ dára.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30

Dókítà Ávalos tó kọ lẹ́tà sí mi fi ọjọ́ kan ṣáájú dé. Ó bá yàrá egbòogi ní títì. Ó yọjú lójú fèrèsé, kò rí ìgò kan lórí pẹpẹ. Obdulia tó ń sá ewé lẹ́yìn ilé ló júwe bárékè fún un. Ó dé, ó bá mi ní tábìlì, mo ká síkẹ́ẹ̀tì dé orúnkún, ẹsẹ̀ mi wà nínú gọ́tà.

"Ṣé ẹ̀yin ni Nereida Villalonga?"

"Èmi ni, Dókítà."

"Ìgò oògùn mélòó lẹ ti fún wọn?"

"Ọgbọ̀n. Wọ́n mu ún."

"Ìpara ńkọ́?"

"Wọ́n fi dín ọ̀dùnkún."

"Kí wá ni mo gun kẹ̀kẹ́ wá wò láti ìlú?"

"Ẹsẹ̀ ni."

Ó ní kí wọ́n dìde. Ẹnì kan ò mira. Leovigildo ní, "Dókítà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká parí eléyìí. Ọmọ dómínò tó tóbi jù, mẹ́sàn-án oníbejì, wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì fẹ́ fọ ìbọ̀sẹ̀."

Dókítà dúró. Nígbà tí ayò parí, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ ìka kan tẹ̀lé èkejì. Obìnrin yẹn mọṣẹ́, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bó bá wo ọ̀kan tán, á pe iye: mẹ́wàá, mẹ́rìnlá, mẹ́tàdínlógún. Ó kọ àwọn míì sílẹ̀ pé ó kù díẹ̀. Nígbà tó ku ẹnì kan, mọ́kàndínlógún ló ti pé. Fermín ló kù.

Fermín ti wọ bàtà padà. Ó ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀. "Ẹ wò ó, Dókítà, mo lè jó."

"Bọ́ ọ."

Ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ tónítóní. Ẹsẹ̀ òsì náà mọ́, àfi àárín ọmọ ìka méjì tó kẹ́yìn. Ìlà funfun kan wà níbẹ̀, kò ju okùn abẹ́rẹ́ lọ. Dókítà wò ó pẹ́. Ó wá yíjú sí mi.

"Ẹ̀yin lolóògùn. Ṣé ẹsẹ̀ yìí ti sàn?"

Fermín ń wò mí, ó ń mi orí sí mi pé kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí yàrá mi, mo rí ọ̀nà kìlómítà méjìdínlógún. Ó lè gbà. Bí mo bá sọ pé ó ti sàn, á kọ ogún.

Mo ní, "Rárá. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó bá dáwọ́ dúró báyìí, àrùn náà yóò padà kó tó dé Oriente."

Fermín ní, "Ìyá Olóògùn, ẹ ti pa ara yín."

Dókítà kọ mọ́kàndínlógún. Mo rí i tó kọ ọ́. Ẹsẹ̀ mi ṣì wà nínú omi, mi ò mọ ibi tí n ó gbé e sí.

Ló bá jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀gbẹ́ mi, ó bọ́ bàtà ike rẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Mo ti rí ẹsẹ̀ lọ́dún yìí, àmọ́ tirẹ̀ yìí, ó tó ti Fermín nígbà tí a bẹ̀rẹ̀.

Ó rọra sọ ọ́, èmi nìkan ló sọ ọ́ fún: "Oṣù márùn-ún rèé. Èèyàn mẹ́ta ló ti tọ́jú rẹ̀ fún mi. Gbogbo wọn ló sọ fún mi pé ó ti sàn."

Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan mi, mo wò ó. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ẹ bá ń ṣe é lálaalẹ́."

"Àwọn wọ̀nyí ń lọ sílé lọ́jọ́ Àìkú."

"Ewé ò lọ ibì kankan."

Ó mú ìwé rẹ̀, ó kọ nǹkan sábẹ́ mọ́kàndínlógún, ó fi hàn mí. *Àyẹ̀wò ò tíì parí. Ó ku ẹnì kan.* Mo ní agérèké ni lẹ́tà sọ. Ó ní òun lòun kọ lẹ́tà náà, òun sì lè fi ẹsẹ̀ kan kún un. Ó wá ki ẹsẹ̀ sínú gọ́tà, ó sì ní kí wọ́n fún òun ní ọmọ dómínò.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù Kẹrin

Wọ́n lọ. Mo di ewé gbígbẹ sínú àpò fún Fermín, mo kọ ọ́ sí i pé: *Kì í ṣe fún mímu.* Ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi. Leovigildo fi dómínò wọn sílẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27

Dókítà Ávalos wá fún ìgbà keje; ní àwọn alẹ́ yòókù, ilé rẹ̀ ló ti ń fi ewé mi rẹ ẹsẹ̀. Gumersinda ti gbé omi kaná, Obdulia ti ju sẹ́ǹtí rẹ̀, ó sì ti já ewé. Àmọ́ Dókítà ò dé ìdí gọ́tà. Ó jókòó sórí àga nínú yàrá egbòogi, ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè fún mi, ó sì dijú.

Mo mú awò mi. Mo ṣí ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mo gbé e sójú oòrùn fèrèsé, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Mi ò kánjú. Mo gbọ́ tí Obdulia dáwọ́ iṣẹ́ dúró lẹ́yìn mi.

"Ṣé ó ti sàn?" ni Dókítà béèrè. Kò lajú.

"Ó ti sàn."

Kò bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ó lajú, ó nawọ́ gba ìwé, ó fa igi gba mọ́kàndínlógún kọjá, ó sì kọ ogún.